Ẹ̀rọ àti Pùròpẹ́là fún Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré

Ẹ̀yin òbí tí ń bẹ ní Kẹ́mta àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ọmọ yín bá tọrọ owó láti fi kan ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a ń fi rédíò darí láti etí omi, ẹ má ṣe kà á sí eré lásán. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, bí ẹ̀rọ àti pùròpẹ́là kò bá sì bá ara wọn mu, ẹ̀rọ náà lè jóná ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, àwọn baba wa ń fi ọkọ̀ kó ẹrù láti Èkó gba Odò Ògùn wá sí Aro. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí omi kò jìn, ọ̀pá ni a fi ń tì í. Ibi tí ó jìn, àjẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rí.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1898 ni Nikola Tesla fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ han àwọn ènìyàn ní New York. Ẹ̀rọ òde òní ni ó yàtọ̀. Ti àtijọ́ ní búrọ́ọ̀ṣì èédú tí ń ha títí yóò fi jẹ tán. Èyí tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì kò ní ohun tí ń ha bẹ́ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń yí nínú rẹ̀, àpótí kékeré kan sì ń pín iná fún un láti inú wáyà mẹ́ta. Bí ó bá ń yí sódì, ẹ fi wáyà méjì rọ́pò ara wọn.

Iye tí a ń pè ní Kv ni kí ẹ wò lára ẹ̀rọ. Ó ń sọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ tí kò ru ẹrù yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún fólítì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ 2000 Kv lórí bátìrì fólítì 11.1 yóò yí ní ìgbà 22,200. Kv ńlá kì í ṣe agbára ńlá: ìyára ni. Ọkọ̀ tí ó wúwo ń fẹ́ Kv kékeré pẹ̀lú pùròpẹ́là tí ó gbòòrò; èyí tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń sáré ń fẹ́ Kv ńlá pẹ̀lú pùròpẹ́là kékeré. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n rò pé pùròpẹ́là ńlá ni yóò mú ọkọ̀ sáré. Ní ọdún 1837, pùròpẹ́là igi ti Francis Pettit Smith, àgbẹ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́ lójú omi, ó ku ààbọ̀. Ọkọ̀ náà sì sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí pùròpẹ́là méjì bá jọra tí wọ́n sì ń yí bákan náà, èyí tí ó jẹ́ mílímítà 40 ń gba agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti mílímítà 35. Láti inú bátìrì ni agbára náà ti ń wá, ooru rẹ̀ a sì dà sára ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìwúwo ọkọ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà bátìrì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ. Kí pùròpẹ́là kẹ́yìn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó kéré. Ẹ wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a padà, ẹ yọ bátìrì, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e, pùròpẹ́là ti tóbi jù. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lè fi díẹ̀ kún un.

Ẹ má ṣe fi irú bátìrì yìí sórí iná kí ẹ sì sùn, nítorí ó lè jó ilé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan pùròpẹ́là nígbà tí bátìrì wà nínú ọkọ̀, nítorí ó ń gé ìka. Adágún tí ó dákẹ́ ni kí ẹ lò. Odò Ògùn ní àpáta, omi rẹ̀ a sì máa le ní ìgbà òjò. Bí ọkọ̀ bá dúró láàárín omi, kí ọmọ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un. Ọkọ̀ tí ó sọnù, a ó kan òmíràn. Ọmọ tí omi gbé lọ, ta ni yóò dá a padà fún wa?