Olórí Ẹbí Wà Lókè Òkun, Ta Ni Yóò Jíhìn Ilé?

Ilé tí bàbá tàbí ìyá kọ́ tó sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kò lóǹkà ní Ojú Ẹlẹ́gbà ní Èkó àti àyíká rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òkè jẹ́ yàrá, owó ilé sì ń wọlé lọ́dọọdún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, àgbà wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń gbà á, òun ló ń tún òrùlé ṣe, òun náà ló ń pín ìyókù fún àwọn àbúrò. Ohun ìní wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Trustee ni àwọn lọ́yà ń pe irú alágbàtọ́jú bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí físà bá jáde, yóò fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé rìsíìtì lé àbúrò kan tàbí ejẹ́ǹtì lọ́wọ́, "Bá mi mójú tó o o," ó di pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ránni níṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé iṣẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀. Ìjíhìn bá a wọkọ̀ lọ ni.

Èkó ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1920, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba amúnisìn gbà. Herbert Macaulay, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì ní Yábàá, bá a lọ, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ Macaulay jáde pé mílíọ̀nù 17 èèyàn ni ọba náà ń ṣolórí. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí ọba rán agogo yí ìlú ká pé òun kò mọ̀ sí i. Ọba kọ̀, wọ́n sì gba owó àti ipò tí ìjọba fún un lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbè sẹ́yìn àwọn amúnisìn yẹn o, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ pọ̀ jù. Síbẹ̀, ẹ wò ó: ẹni tó jókòó sílé ló sanwó ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ. Ní 1921, Lord Haldane, adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, dájọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá náà pé olóyè dà bí alágbàtọ́jú ilẹ̀ dé àyè kan; ilẹ̀ náà, ti gbogbo ẹbí tàbí ìlú ni.

Òfin àwọn alágbàtọ́jú tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1925 gba alágbàtọ́jú tí yóò kúrò nílùú ju oṣù kan lọ láyè láti fi ìwé yan aṣojú. Wọ́n tún un ṣe ní 1971: àṣẹ náà kò gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ. Bí aṣojú bá sì ṣi iṣẹ́ ṣe, wọn yóò kà á sí alágbàtọ́jú lọ́rùn. Òfin wọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ilé-ẹjọ́ sọ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn olórí, òfo ni. Bí olórí bá sì dá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Bí olórí kò bá lè dá a ṣe kó dúró ṣinṣin, kí ni aṣojú rẹ̀ fẹ́ gùn lé?

Àwọn kan á ní ìwé a máa ba ẹbí jẹ́, pé ẹni tó bá ní kí àbúrò òun fọwọ́ síwèé ti pè é lólè. Èmi rò pé àbúrò gan-an ni ìwé ń gbà. Bí ayálégbé bá sanwó ọdún méjì tí kò sí ìwé, ta ni yóò jẹ́rìí pé àbúrò ti fi owó náà ránṣẹ́ sókè òkun? Àwọn mìíràn á ní WhatsApp ti parí gbogbo rẹ̀. Àwòrán òrùlé tuntun kì í sọ iye tí wọ́n ra páànù. Àtakò tó lágbára jù ni pé ó le láti di ẹ̀bi aṣojú ru ẹni tí kò sí nílé. Òótọ́ ni, òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ẹjọ́ Speight àti Gaunt ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1883, aṣojú sá lọ pẹ̀lú £15,000, wọ́n sì dá alágbàtọ́jú láre nítorí pé ó ṣe é bí oníṣòwò tó lákìíyèsí ṣe máa ń ṣe é. Ìtọ́jú tó ṣe ló gbà á, kì í ṣe àìsí nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ pé aṣojú lè gba owó ilé, kó sì tún ilé ṣe dé iye báyìí, pé kò gbọdọ̀ tà, kò gbọdọ̀ fi dúró fún gbèsè, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí. Kẹ́ ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àbúrò yín ní ẹ̀dà kan.