Laguna, Ọ̀sà àti Adágún: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ẹlẹ́yẹlé

Ní 1942 ni a parí ìdènà omi tí a mọ sí ojú Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn, kí ará ìlú lè rí omi mu. Omi náà dúró lẹ́yìn ògiri, ó sì tẹ́ rẹrẹ. Orúkọ wo ni ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá?

Ẹni tí ó bá fi ìtàn ọ̀rọ̀ àwọn ará Yúróòpù nìkan ṣe atọ́nà lè ṣìnà. Bí a bá yẹ ‘laguna’ ti èdè Sípáníìṣì wò, a ó rí i pé ‘lacuna’ ti èdè Látìn ni ó bí i. Kòtò tàbí ihò ni ‘lacuna’; òun fúnra rẹ̀ sì wá láti ara ‘lacus’, tí í ṣe adágún, tí ó sì tún jẹ́ ohun èlò ńlá tí a ń da omi tàbí wáìnì sí. Ìró k, tí Látìn ń kọ ní c, di g láàárín fáwẹ̀lì méjì ní Sípáníìṣì: ‘amicus’ di ‘amigo’, ‘lacus’ di ‘lago’, ‘lacuna’ sì di ‘laguna’. Bákan náà ni ‘lago’ rí ní èdè Potogí. ‘Lagos’, tí ó di orúkọ Èkó lẹ́nu àjèjì, kò ju ‘àwọn adágún’ lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹbí yìí gbà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. ‘Lake’ gba ọ̀dọ̀ Faransé wọlé. ‘Lagoon’ gba ti Ítálì àti Faransé. ‘Lacuna’ sì wá tààrà láti inú Látìn. Ẹbí kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Omi tí ilẹ̀ yí ká ni ti àkọ́kọ́. Omi etí òkun tí iyanrìn tàbí òkúta là kúrò lára òkun ni ìkejì. Ìkẹta ni ihò tín-ín-rín inú eegun tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù nínú ìwé àfọwọ́kọ.

Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún wọn: adágún, ọ̀sà, ihò, àlàfo. Látìn wo kòtò tí ó gba omi. Yorùbá wo ìṣe omi, pé ó dágún, kò ṣàn. Bí olùkọ́ bá tìtorí ìbátan ‘lake’ àti ‘lagoon’ pe omi Ẹlẹ́yẹlé ní ọ̀sà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé omi òkun ń wọ inú rẹ̀ bí ó ti ń wọ Ọ̀sà Èkó. Àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan yóò sì di àṣìṣe ìmọ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Adágún àtọwọ́dá ni omi Ẹlẹ́yẹlé.