Ìgbín díndín: Sísè ló gbọ́dọ̀ ṣáájú òróró

Àsìkò òjò ni ìgbín máa ń jáde jẹun nínú oko àti igbó lágbègbè Ìlaròó àti Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, á sì sùn títí òjò yóò fi padà. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn láti dín ín nílé, kí wọ́n fi ata yí i. Ṣùgbọ́n dídín nìkan kò tó.

Ìdí ni pé ìgbín a máa jẹ ìgbẹ́ eku, níbi tí aràn kan ti ń wọ ara rẹ̀. Ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé aràn yìí, lára eku ní ìlú Canton, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Wọ́n ti rí i nílẹ̀ Áfíríkà náà. Bí ènìyàn bá jẹ ìgbín tí kò jinná, aràn náà lè dé ọpọlọ, kó fa orí fífọ́ líle, ọrùn gígan àti èébì. Ẹni tó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó tètè lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dín ìgbín yóò fọ́ ìkarahun, yóò yọ ẹran, yóò sì gé ìfun rẹ̀ dànù. Èyí tó bá ti kú tẹ́lẹ̀, tó ti ń rùn, kò yẹ lóúnjẹ. Yóò fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran náà títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́. Yóò wá se é pẹ̀lú ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, kó hó fún bí ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà ni yóò sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, kí òróró gbígbóná má baà ta síni lára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó nínú òróró. Bó bá pẹ́ jù, á le bíi rọ́bà. Ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó ìgẹran, ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ wọ́n.

Iná ń pa aràn, ṣùgbọ́n kò lè mú oògùn apakoríko kúrò. Nítorí náà, ìgbín oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí kì í ṣe jíjẹ. Ẹni tó ń sin ìgbín lẹ́yìnkùlé, tó ń fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́ ọ, tó sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí eku má baà wọlé, mọ ohun tí tirẹ̀ ń jẹ.