Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ohun tó gbé Sinclair ṣubú, tí Raspberry Pi ń sá fún

Ẹni tó ń ta ọjà olówó pọ́ọ́kú mọ̀ pé èrò tó pé sí ìsọ̀ kọ́ ni èrè. Èrè orí ẹyọ kan kì í tó nǹkan, bí ọjà bá sì kùtà fún oṣù mélòó kan, gbèsè ló máa kù nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún àwọn tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà kékeré jáde fún mẹ̀kúnnù nílùú Ọba.

Kí ọdún 1980 tó dé, àwọn iléeṣẹ́ ńlá àti yunifásítì ni ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà wà fún. Clive Sinclair, oníṣòwò kan nílùú Cambridge, gbé ZX80 jáde lọ́dún náà ní pọ́ùn 99.95. Ẹni tó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀, pọ́ùn 79.95 ló máa san. Lọ́dún 1981, ZX81 tẹ̀lé e ní pọ́ùn 69.95, èyí tí èèyàn máa tò fúnra rẹ̀ sì wálẹ̀ sí 49.95.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé Sinclair yọ gbogbo ohun tó lè dá owó lé e. Ara tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n ń so ó mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ni wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀rá, chip mẹ́rin péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ìrántí rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lẹ́tà lọ. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀.

Acorn, tí òun náà wà ní Cambridge, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ BBC láti ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi kọ́ aráàlú lórí tẹlifíṣọ̀n. BBC Micro yẹn wọ́n ju ti Sinclair lọ, àmọ́ ìjọba ń bá àwọn iléèwé san ìdajì owó kọ̀ǹpútà. Sinclair fi ZX Spectrum dá a lóhùn lọ́dún 1982, pọ́ùn 125 ló sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá tan irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa dúró de àṣẹ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá kọ sí i ní èdè BASIC. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú Ọba ti kọ́ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdílé àti iléèwé nìkan ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí ọjà dákẹ́ lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1984, kọ̀ǹpútà kún ilé ìkẹ́rùsí bámúbámú. Sinclair fúnra rẹ̀ tún ti ná owó sórí C5, ọkọ̀ kékeré oníbátìrì tó jáde ní January 1985, tí ọwọ́ àwọn èèyàn kò yá sí. Ní April 1986, ó ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Amstrad ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn. Ọdún tó ṣáájú ni Olivetti ilẹ̀ Ítálì ti ra nǹkan bí ìdajì Acorn. Ohun ńlá tí Acorn fi sílẹ̀ ni chip ARM, tí irú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù alágbèéká lónìí.

Irú chip yìí náà ló wà nínú Raspberry Pi. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cambridge ló ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dín kù, àti pé àwọn tó ń wá kò mọ̀ ọ́n tó àwọn ti ìṣáájú. Wọ́n dá àjọ tí kì í wá èrè sílẹ̀, nígbà tó sì di February 29, 2012, kọ̀ǹpútà wọn jáde ní dọ́là 35. Kò ju káàdì báńkì lọ, kò ní páálí, kò ní bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkànnì àwọn tó ń bá wọn tà á kò lè gba èrò.

Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ náà fi ń rà á. Wọ́n ń fi í darí ẹ̀rọ àti pátákó ìpolówó oníná, torí pé ó kéré, kò wọ́n, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Nígbà tó fi di 2023, ohun tó ju ìdajì lọ nínú èyí tí wọ́n tà ló lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà; ọ̀nà kejì yìí ni Sinclair kò ní.

Àmọ́ ọ̀nà kejì náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Lọ́dún 2021 àti 2022, chip wọ́n káàkiri ayé. Upton sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2022 pé àwọn iléeṣẹ́ làwọn ń kọ́kọ́ dá lóhùn, torí pé okòwò àwọn tó fi Pi sínú ọjà wọn lè dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ó dun àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yìí kọ́ṣẹ́, torí pé nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tí kò lè dúró ń rà á lọ́wọ́ alárọ́bọ̀ ní ìlọ́po iye rẹ̀.

Ní June 2024, iléeṣẹ́ náà wọ ọjà ìpín ìdókòwò London, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí 540 mílíọ̀nù pọ́ùn. Àjọ tó dá a sílẹ̀ ló ṣì ní ìpín tó pọ̀ jù lẹ́yìn títà náà. Ní December 2025, chip ìrántí gbówó lórí nítorí àwọn tó ń kó o jọ fún iṣẹ́ AI, Pi 5 onígígábáìtì mẹ́rin sì kúrò ní dọ́là 60, ó di 70. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gbé onígígábáìtì kan jáde ní 45, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó má bàa padà lọ́wọ́ òfo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Owó àwọn iléeṣẹ́ ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọmọ mẹ̀kúnnù yè títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́n bá tún dé, ẹ̀yìn ni ọmọ náà máa tò sí, àyàfi bí àwọn tó ni iléeṣẹ́ bá rántí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ na pàtẹ.