Ilé-Ìwé Tí Kò Ní Agogo

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, bí ẹ bá rí ọmọ yín tí ó tẹjú mọ́ fóònù di ààjìn òru, ẹ má tètè bínú. Ó lè jẹ́ pé inú kíláàsì ni ó wà.

Yunifásítì kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN. Ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1983. Nígbà tí ó di 1984, àwọn ológun tì í pa. Ní 2001 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í jókòó níwájú olùkọ́ lójoojúmọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA. TMA ní máàkì 30, ìdánwò ní 70. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020, àwọn yunifásítì mìíràn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ lórí fóònù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé irú ẹ̀kọ́ àjókòó-ilé-kọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Olóyè Awólọ́wọ̀ gba oyè ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Òyìnbó rárá.

Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé mọ agbára agogo. Bí ó bá ti dún, ọmọ á sáré. Ṣùgbọ́n níbi tí a ń wí yìí, kò sí agogo, kò sí pàṣán. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀. Ọjọ́ tí TMA máa parí ti wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ilẹ̀kùn á tì, ẹ̀rọ kò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Bí iná bá dé, á yára gba agbára sí fóònù, á sì ti kó ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀ kí dátà tó tán. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un ní Ìyànà-Ìpájà, á máa kà á nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń tajà lọ́sàn-án á rí i pé ìdájí ló dára fún òun. Kò sí olùkọ́ tó lè bá a mọ èyí.

Ewu kan wà o. Àwọn kan ń gba owó láti ṣe TMA fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ á kó ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọlé fún wọn, wọ́n á bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè gba 30 náà pé o! Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a wọ yàrá ìdánwò? Owó yín ni ó ń ṣòfò yẹn.

Kí ni òbí lè ṣe? Ẹ má kàn máa bi í pé, “Ṣé o ti kàwé?” Ẹ bi í pé, “Ọjọ́ wo ni TMA rẹ ń parí?” Bí ó bá sì sọ ọjọ́ náà, ẹ má rán an lọ́jà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.