Aginjù Kì Í Ṣe Aṣálẹ̀

Ní Bárígà tí mò ń gbé, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé etí ọ̀sà. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n ò ní gbọ́ pé aládùúgbò kan "ti lọ sórí òkè". Ibi àdúrà ni wọ́n ní lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbáà ló wà. Ẹ má bá wọn jà. "Òkè" nínú èdè wa kì í ṣe àpáta nìkan; apá ibi tí orí wà ni. Òun náà ló fà á tí àwọn ará Èkó fi ń pe ẹni tó ti ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún wá ní ará òkè.

Àmọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ní Ṣómólú, fẹ́ gun òkè tòótọ́. Òun àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń lọ sí Òkè Sínáì ní Íjíbítì. Ìyá rẹ̀, ọmọ ọdẹ ni wọ́n, ní kó má wulẹ̀ gbé omi púpọ̀ dání: ṣebí aginjù ni Mósè gbà kọjá, aginjù wo ni kò ní odò? Ó wá bi mí pé kí ni kí òun sọ fún wọn.

Màmá ò ṣì í sọ o. Lẹ́nu ọdẹ, aginjù ni igbó ńlá tí ènìyàn kì í gbé, tí igi àti okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ra tó fi ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ìbòji wà níbẹ̀, omi wà. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, "ijù" àti "aginjù" ni wọ́n mú fún ibi tí kò sí ilé. Ó bọ́gbọ́n mu, torí ibi tí ènìyàn kò sí ni wọ́n fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n igi bá ọ̀rọ̀ náà wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fi ojú inú rí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lábẹ́ ìrókò.

Aṣálẹ̀ ni Sínáì: ilẹ̀ tó gbẹ, tí ọ̀gbìn kì í ṣe dáadáa lórí rẹ̀. (Ẹ ṣọ́ ohùn o! Àṣálẹ́ ni ìgbà tí oòrùn ti wọ̀.) Jebel Musa, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe òkè náà, ga tó mítà 2,285. Ilé àwọn mọ́ńkì kan, Saint Catherine, ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹfà. Ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀nà ràkúnmí tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, àti àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ní ó tó 3,750. Ẹni tó gba ọ̀nà ràkúnmí pàápàá yóò gun nǹkan bí 750 tó kẹ́yìn. Òru ni ọ̀pọ̀ ń gbéra kí oòrùn lè yọ bá wọn lókè. Òtútù ń mú níbẹ̀ lóru; tílẹ̀ bá mọ́, oòrùn á gbà á. Kó gbé omi, kó mú ẹ̀wù òtútù.

Ẹ fi wé Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ewéko sì yí àpáta ká. Orí òkè yẹn ni àwọn ará ìlú ń gbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 1928; ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ta ló máa tẹ ìlú dó sórí òkè tí kò lómi? Bí ẹ bá pe igbó tó yí irú òkè bẹ́ẹ̀ ká ní aginjù, mo gbà.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì le díẹ̀. Kí là ń pe òkè tó nà lọ bí ọ̀nà, tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó tó kan góńgó? Ó dábàá "ẹ̀yìn òkè". N ò fẹ́ ẹ, torí ẹ̀yìn òkè lè jẹ́ òdìkejì tí a ò rí. "Òkè gbọọrọ" ni mo yàn. Gbọọrọ ń sọ pé nǹkan gùn, ó sì ń sọ pé kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibi tí à ń wí rí: ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́tùn-ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lósì. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Òkè-Ògùn tí ẹ bá òkè dàgbà, bí ẹ bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.