Àpótí Tí Ń Ṣe Bí Ìlù

Ó dá wa lójú pé nínú ilé púpọ̀ tí ìwé ìròyìn yìí ń wọ̀, dùrù oníná kan wà níbẹ̀, tàbí kẹ̀, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó rà á fún òun. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kò ní burú bí a bá sọ díẹ̀ nípa àpótí kan tí ó máa ń bá irú dùrù bẹ́ẹ̀ rìn. Kò ní eyín funfun àti dúdú tí a ń tẹ̀, kò ní fèrè, kò ní okùn, síbẹ̀ ó dàbí ẹni pé gbogbo ohùn ayé ni ó sùn sínú rẹ̀.

A rí ọ̀kan nínú wọn ní Ìlobù, ní ọjọ́ tí a lọ kí àwọn ará wa kan níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ dùrù ní ìjọ wọn ni ó ni ín. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó fi okùn so ó mọ́ dùrù rẹ̀, ó sì wí fún wa pé ní ìkórè tí ń bọ̀, ìjọ kò tún ní ṣe wàhálà àtipe onílù mọ́, nítorí ìlù dùndún ti wà nínú àpótí náà. Bàbá àgbà kan jókòó láàárín wa, ọmọ Àyàn láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Bàbá náà ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó pe orúkọ ìlú tí a wà yìí fún mi, kí ó sì pe ti Ìfọ́n tẹ̀ lé e."

Kí a tó sọ bí ọ̀ràn náà ti rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ń bẹ nínú àpótí náà. Kì í dá ohùn sílẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ti pe ẹni tí ó mọ ohun-èlò lù, tàbí tí ó mọ̀ ọ́n fọn, wá sí iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 1 péré, ohùn tí a gbà sílẹ̀ bí ti àwo sídì ní nọ́ńbà 44,100. Bí a bá tẹ eyín dùrù kan, àpótí náà yóò ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí padà fún wa. Bí a bá tẹ eyín tí ó ga jù ú lọ, yóò kà wọ́n kíákíá ju ti ìṣáájú lọ, ohùn yóò sì gòkè. Ṣùgbọ́n ohun tí a kà kíákíá ni í tètè tán: bí a bá gun àtẹ̀gùn ohùn 12 sókè, ohùn tí ó pé ìṣẹ́jú àáyá 2 yóò di 1. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn àgbàlagbà ọkùnrin, bí a bá gbé e gòkè jù, fi ń dàbí ti ẹyẹ, tí àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ sì fi ń gba ohùn púpọ̀ sílẹ̀ fún ohun-èlò kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1963 ni wọ́n ṣe Mellotron jáde ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Okùn téèpù kan wà lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 8, lẹ́yìn náà ó di kẹ́kẹ́. Ní 1979, Peter Vogel àti Kim Ryrie gbé Fairlight jáde ní Sydney ní ilẹ̀ Australia, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olówó nìkan fi lè sún mọ́ ọn. Nígbà tí ó di 1994, ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan ṣe JV-1080, àpótí pẹlẹbẹ tí ó lè dún ní ohùn 64 lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì lè fi ohùn 4 lẹ ara wọn láti fi ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a rí ní Ìlobù kì í ṣe òun gan-an, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ẹni tí ó bá rò pé kí a kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohùn tí ó wà nínú àpótí dàbí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ó kù kí a sè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi hàn wá bí a ti ń ṣe é. A lè pàṣẹ bí ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí yóò ti rọlẹ̀, ibi tí yóò dúró sí, àti bí yóò ti lọ nígbà tí a bá gbé ìka kúrò. Ó mú ohùn fèrè, ó jẹ́ kí ó máa yọ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì di bí èémí ẹgbẹ́ akọrin. Ó ṣe ohun kan náà sí ìlù, ìlù sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ba awọ ni ẹ̀mí ìlù wà, òun gan-an ni ó sì gé kúrò.

Asẹ́ kan tún wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tí ń sẹ́ ògì yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́: bí ojú asẹ́ bá ti kéré tó ni ohun tí yóò dá dúró yóò pọ̀ tó. Ohùn òkè, èyí tí ń dún ṣanṣan, ni asẹ́ yìí ń dá dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ kọjá. Ó fún un díẹ̀, ìlù náà sì rọ̀, ó dùn létí. Ó fún un sí i, bàbá náà sì gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣaworo dà?" Òótọ́ ni, ṣaworo ti há sínú asẹ́.

Ó kàn ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú. Ó fi eyín mẹ́ta pe Ìlobù: ìsàlẹ̀, àárín, ìsàlẹ̀. Bàbá mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ó ń gba owó tí kò pé. Ó wá fi eyín méjì pe Ìfọ́n: ìsàlẹ̀, òkè. Bàbá béèrè pé, "Ta ni o ń pè?"

Ohun tí ó fa ìbéèrè yìí kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó bá fetí sí ẹnu ara rẹ̀. Nínú èdè wa, ohùn òkè tí ó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò lọ sókè lójijì; gígùn ni ó ń gùn ún. Onílù mọ èyí. Bí ó bá ti lu awọ tán, apá rẹ̀ a fún ọsán mọ́ra, ohùn a sì gòkè nínú lílù kan ṣoṣo náà. Eyín dùrù kò mọ gígùn. Àti orí eyín kan dé òmíràn, àfi kí ó fò. Kí a má sì purọ́, ìyáàlù pàápàá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríkì ni í fi í tì lẹ́yìn, kí ẹni tí ń gbọ́ má baà ṣì í gbọ́.

Ìjà dùrù àti ohùn ẹnu wa ti pẹ́ nílẹ̀. Ekundayo Phillips, tí ó di olórí atẹdùrù ní Kàtídírà ti Èkó ní 1914, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì rọ̀ wá pé kí orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú èyí, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin ìsìn, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn bàbá wa fi kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń sọ ọkọ di ọkọ́. Ó dùn wá pé àpótí ọ̀rúndún yìí tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí ìlù.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀." Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù rẹ̀ tí a fi ń tẹ ohùn sókè sódò. Bí wọ́n ti sábà máa ń tò ó, àtẹ̀gùn 2 péré ni ó lè gùn, èyí kò sì tó dùndún í sọ̀rọ̀. Ó sún un di 12. Okùn tí ó so àpótí pọ̀ mọ́ dùrù lè pín ọ̀nà ọ̀pá náà sí 16,384, nítorí náà ohùn yóò máa yọ̀ lọ bí epo, kì yóò dá dúró lórí àtẹ̀gùn kankan. Ó tún pàṣẹ pé bí òun bá tẹ eyín gidigidi, kí ohùn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ó sì gun òkè fúnra rẹ̀. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó dúró síbi tí ó wà. Ó ju wákàtí kan lọ tí ó fi ń ṣe é. Tíì wa tutù. Nígbà tí ó tún pe Ìfọ́n, ọwọ́ òsì lórí ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún lórí eyín, bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí kò sí ẹni tí ó lè dáhùn nínú wa: "Ta ni onílù tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ yìí? Wọ́n sanwó fún un bí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ojú àpótí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí a kọ sójú rẹ̀ ni orúkọ ìlù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí a ó fi mọ orúkọ ẹni tí ó ta àpótí tí a kò sì mọ ti ẹni tí a gba ohùn rẹ̀.

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé bàbá yóò gbé ìyáàlù tirẹ̀ wá, yóò lu ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, pẹ̀lú èyí tí ń gùn àti èyí tí ń sọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, líle àti jẹ́jẹ́. Ọmọ náà yóò gbà wọ́n sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sanwó, yóò sì fi orúkọ bàbá sí orí ohùn náà nínú àpótí. Ní ti ọjọ́ ìkórè, bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò lùlù. Àpótí yóò ṣe fèrè. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dá. Bàbá ní kí wọ́n bá òun ṣọ́ ojú ọ̀run, nítorí awọ ọmọ ewúrẹ́ ni ó wà lójú ìlù òun, bí òjò bá sì rọ̀, awọ náà yóò rọ̀, kò sì ní sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ.